Omi Tí Mo Mu Lọ́jọ́ Ọdún Àwọn Ará Táílàǹdì

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wá nǹkan fìdí lé. Ẹni tó bá ní ìdúró lòun máa fi gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ á ro ó, torí èmi kì í sáré sọ̀rọ̀, n kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ lọ́jọ́ ogbó. Ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn, kó sọ̀ ọ́, kó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò le. Bí mo ṣe bá àwọn ará Táílàǹdì ṣe ọdún tuntun wọn ni, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí kì í ṣe ìlú tiwọn, tí kì í sì í ṣe ìlú tèmi. Bí ẹ bá ń retí ibi tí màá ti sunkún nínú rẹ̀, ẹ má retí rẹ̀ mọ́. Kò sí níbẹ̀.

Àlejò ni mí lọ́hùn-ún. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ lọ. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, ló bímọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé àpátímẹ́ǹtì kan ní Adelphi, ní Prince George's County, ní Maryland. Ìyàwó mi ní wọn kò lè bí ọmọ ọmọ òun sí òkèèrè kí òun máà lọ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwẹ̀ tí mò ń wí. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, á fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, á fà á lápá, á fà á lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè. Dókítà wọn níbẹ̀ ní kí wọ́n má jù ú. Ìyàwó mi ní òun gbọ́, ó sì ń jù ú.

Èmi tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ilé sì ti dá jù fún èmi nìkan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ìyàwó mi wẹ ọmọ tán, ó fi òróró pa á lára, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó ní àyà ń ha òun díẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nọ́ọ̀sì lọmọ wa, ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ó sì ṣe é. Ọkọ̀ pàjáwìrì dé kíá. Ìyàwó mi kò bá wọn dé ọsibítù.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí náà ni mò ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nígbà náà, ohùn mi kì í yí padà. Ṣé dókítà eyín ti gún yín lábẹ́rẹ́ rí? Ẹ mọ̀ pé ètè yín wà lójú yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ètè ẹlòmíràn ni. Bó ṣe rí fún gbogbo ara mi nìyẹn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ọmọ mi wá láti Lake Arbor, wọ́n wá láti Seat Pleasant, àwọn mìíràn wọ aṣọ iṣẹ́ ọsibítù wá tààrà. Wọ́n gbé ìrẹsì, wọ́n gbé ọbẹ̀, wọ́n kọrin. Mo bá wọn kọ ohùn ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan ń ṣì í kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì tún un kọ sí i létí títí tó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì pé, "Bàbá yẹn lọ́kàn o." Kì í ṣe ọkàn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ibi tí a máa sin ín sí. Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, torí òun ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Bí a bá gbé e lọ sílé, ọmọ wa yìí kò ní lè tẹ̀ lé e. Pépà tí yóò jẹ́ kó máa gbé Amẹ́ríkà kò tí ì jáde. Bó bá fẹsẹ̀ kan kúrò, kò ní lè wọlé mọ́, ọmọ ọwọ́ ń bẹ nílẹ̀, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀. Bí a bá sì sin ín síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti sọ tirẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ mi tó wà ní Nàìjíríà ní ohun tí Bàbá bá ti sọ làwọn máa bá lọ. Bàbá ni èmi. Ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí ní kí a jẹ́ kí àwọn gbọ́ ìpinnu wa ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. N kò ní ìpinnu kankan. Mo máa ń jókòó, kí n fẹ́ ronú, kí n rí i pé mò ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pe fóònù ilé.

"Àna mi, ọjọ́ wo ni ọkọ̀ òfúrufú ń gbé àbúrò mi bọ̀?"

"A ṣì ń rò ó, ẹ̀gbọ́n."

"Kí lẹ ń rò? Ṣé ẹ fẹ́ fi àbúrò mi tọrẹ fún òyìnbó ni? Ọmọ ilé wa kì í sùn sóko. Àyè rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nínú àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa."

"Mo gbọ́, sà."

"Ẹ gbọ́! Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ ẹ lẹ ti ń gbọ́. Ìgbà wo gan-an lẹ máa ń fèsì, àna mi?"

Ọmọ mi wà nílé ìdáná tó ń gbọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ọmọ wà léjìká rẹ̀.

"Dádì, mo mọ̀ pé ilé ló yẹ kí Mọ́mì sùn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé wọn lọ, lórí fóònù ni màá ti gbọ́ ìsìnkú ìyá mi. Níbi iṣẹ́. Nínú yàrá ìsinmi, pẹ̀lú àwọn tó ń jẹ sáńwíìṣì."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Ẹ ní ẹ gbọ́," ó wí, ó dìde, ó lọ pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ.

Àwọn méjèèjì ló jàre. Mo lè to àre àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni to iṣu. Ohun tí n kò ní ni nǹkan tó máa jẹ́ kí n mú ọ̀kan.

Ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà kan, ọmọ Táílàǹdì, ló kọjú sí tiwa. Òun àti ìyàwó mi di ọ̀rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ara wọn kò yé wọn, òyìnbó tí àwọn méjèèjì sì ń sọ kò tó fi pàdé lọ́nà. Ata ló so wọ́n pọ̀. Ìyàwó mi ń sá ata rodo sórí bákónì, ìyá náà rí i, ó gbé tiwọn wá, àwọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí eyín ológbò. Wọ́n jókòó sórí bákónì nínú òtútù, wọ́n ń fi ata dán ara wọn wò. Èyí á gé e jẹ, èkejì á gé e jẹ, omi ń jáde lójú àwọn méjèèjì, wọ́n ń na ìka síra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ó máa ń pe ìyàwó mi ní Máàmá. Èmi ni Pápá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó ku ọ̀la kí ọjọ́ Ajé náà pé, ìyá yìí kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé. Òun ló máa ń túmọ̀ fún un.

"Ìyá mi ní ọ̀la ni à ń ṣe ọdún tuntun tiwa," ó wí. "Máàmá ti ṣèlérí pé àwọn máa bá wa lọ. Ìyá mi ní àyè Máàmá ṣì wà nínú mọ́tò. Ó ní kí Pápá wá jókòó síbẹ̀."

Ọmọ mi rọra dáhùn fún mi. "Ẹ ṣeun, mà, ṣùgbọ́n Dádì ò ní lè lọ."

"Màá lọ," mo wí. Ìdí kan kò sí. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní kí n dìde, mo máa dìde. Bí ọlọ́pàá bá ní kí n wá, màá wọ bàtà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ mi ti ilẹ̀kùn, ó gbá ọwọ́ mọ́ra. "Dádì, ọjọ́ Sọ́ńdè! Ilé òrìṣà! Kí la máa wá sọ fún pásítọ̀?"

"Sọ pé mo lọ gba afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ ò sí lẹ́yìnkùlé ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀, ó ti múra, ó ti di ọmọ mọ́ inú àga rẹ̀. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí n dá lọ, kí wọ́n má lọ fá mi lórí.

Tẹ́ḿpìlì wọn kì í ṣe ohun tí mo fi ọkàn yà. Ilé bíríkì lásán ni, bí àwọn ilé yòókù ládùúgbò, àfi pé wọ́n ti fi igi ẹlẹ́wà aláwọ̀ wúrà sí etí òrùlé rẹ̀, ilẹ̀ gbalasa sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́tò kún ẹ̀gbẹ́ títì títí lọ. Wọ́n ń yan ẹran lórí iná, wọ́n ń ta ìrẹsì kan tó ń lẹ̀ mọ́ra, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mú ìbọn oníke dání, wọ́n ń tu omi síra wọn. Oṣù Igbe ni, oòrùn wà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn náà ṣì ń ta èèyàn létí. Nílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, ìgbà tí ooru mú jù lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, omi yẹn a máa tu wọ́n lára. Níbi tí a wà yìí, eyín àwọn ọmọ ń lu ara wọn, wọn kò sì dúró.

Ọmọge kan sáré wá, ó fi nǹkan funfun tí wọ́n fi omi pò kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Dádì!" ọmọ mi wí. "Ẹfun ni wọ́n fi pa yín lójú!"

"Pọ́dà ni."

"Pọ́dà tí wọ́n fi ń bọ kí ni?"

"Ṣé o kò pa pọ́dà rí ni? Òní gan-an o pa á."

Wọ́n to iyanrìn jọ lẹ́yìnkùlé, òkìtì òkìtì, wọ́n fi àsíá bébà kéékèèké sórí rẹ̀. Mo bi ọmọ ìyá náà pé kí ni. Ó ní láàárín ọdún, bí àwọn èèyàn ṣe ń wá tí wọ́n ń lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń kó erùpẹ̀ tẹ́ḿpìlì lọ sílé láìmọ̀, lọ́jọ́ ọdún ni kálukú ń gbé erùpẹ̀ padà wá. Wọ́n fún èmi náà ní ike iyanrìn kan. Mo lọ dà á.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n mú àwọn àgbàlagbà jókòó sórí àga ní ìlà, wọ́n mú mi mọ́ wọn. Àwọn ọmọ tò wá, wọ́n kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń da omi olóòórùn dídùn díẹ̀ sí wa lọ́wọ́, àgbà á sì ṣàdúrà fún wọn. Ìkúnlẹ̀ yẹn jọ tiwa. Omi náà tutù. Mo mọ̀ pé ó tutù torí mo rí i tí ìka mi ń gbọ̀n. Nígbà tí ọmọ àkọ́kọ́ kúnlẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Wàá dàgbà, wàá tọ́jọ́, ọ̀pọ̀ ọdún la ó ṣe láyé." Mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn, bákan náà, bí ẹni ń lu òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ náà dúpẹ́. Àdúrà tí àwọn àgbà tiwọn ń ṣe kò yé mi, tèmi kò yé wọn, kò sí ẹni tó bínú.

Nígbà náà ni ìyá àgbà aládùúgbò wa wá fà mí lọ́wọ́ lọ sínú ilé. A bọ́ bàtà. Yàrá ńlá kan ni, ère Búdà aláwọ̀ wúrà wà níwájú, àwọn mọ́ǹkì, àwọn ọkùnrin tó fárí tí wọ́n ró aṣọ aláwọ̀ ọsàn, jókòó sórí pèpéle kan. Ọmọ mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ ọmọ rẹ̀ tí kò sunkún. Wọ́n gbé tábìlì gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́, fọ́tò àwọn èèyàn wà lórí rẹ̀, àti àwọn agolo idẹ kéékèèké tó ní ìdérí ṣóńṣó. Mo jókòó síwájú tábìlì náà níbi tí ìyá náà fi hàn mí. Ó bu omi sínú abọ́ fàdákà kékeré kan, òdòdó funfun léfòó lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ bá mi dá a. Àlejò ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Obìnrin ilé fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún mi. Ọmọ Yorùbá wo ló máa béèrè pé kí ni wọ́n fi ń ṣe? Mo dúpẹ́, mo fi ìka ti òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo mu omi náà tán. Ó ń ta sánsán lẹ́nu bí lọ́fíńdà.

Mọ́ǹkì kan wò mí, ó wo òkè àjà.

Ọmọbìnrin ìyá náà fọwọ́ bo ẹnu. "Pápá," ó wí, "kì í ṣe mímu o. Ẹ ó dà á sórí bàbá mi ni."

"Sórí ta?"

Ó nawọ́ sí agolo idẹ kan tó wà níwájú mi gan-an, tí kò tóbi ju agolo mílíìkì lọ. "Bàbá mi ni. Egungun wọn ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn tí a sun wọ́n. Ọdọọdún là ń fi omi òdòdó wẹ̀ wọ́n."

"Blọ́ọ̀dì ọ̀f Jísọ́ọ̀sì!" Ọmọ mi ló ké bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, ẹ pọ̀ ọ́! Omi òkú ni! Ẹ tiẹ̀ pọ̀ ọ́ síta!"

Kò ṣeé pọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń dúró kí ẹ̀rù bà mí. Bí ẹ bá sọ fún mi ní ọdún kan ṣáájú pé màá mu omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ òkú, màá ti sá dé Baltimore. Ẹ̀rù kò wá. Mo kàn ń wo abọ́ òfìfo tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá àgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú, ó ń fi ọwọ́ kejì nu ojú, ó ń sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, àwọn tó wà nítòsí sì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n wí?" mo béèrè.

"Wọ́n ní kò burú," ọmọ rẹ̀ dáhùn, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa. "Wọ́n ní láyé, bàbá mi ò fẹ́ràn ìwẹ̀ náà. Wọ́n ní inú wọn á dùn pé ẹnì kan bá wọn mu ún kúrò nílẹ̀."

Ó bu òmíràn, ó sì di ọwọ́ mi mú lọ́tẹ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń di ọwọ́ ọmọdé mú kọ̀wé. A jọ dà á. Omi ṣàn sára idẹ náà, ó dà sínú àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wo agolo yẹn pẹ́. Odidi ọkùnrin. Mo bi í léèrè pé ṣé gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìyá náà mi orí kí ọmọ rẹ̀ tó túmọ̀ tán. Ó fi ìka pín afẹ́fẹ́ sí méjì, ó nawọ́ sílẹ̀, ó nawọ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ọmọ rẹ̀ ní apá kan ṣoṣo ló wà níbí. Àwọn ẹbí bàbá òun ti gbé ìyókù lọ sílé, wọ́n dà á sínú odò tó kọjá níwájú abúlé wọn.

"Wọn kò jà sí i?"

"Wọ́n jà! Wọ́n ní ti ọ̀dọ̀ àwọn ni bàbá gan-an. Ìyá mi ní kí wọ́n máa wí, ti ọ̀dọ̀ òun ló ń gbọ́ nígbà tí òun bá ń bá a jà."

A jẹun. Ọmọ mi kò jẹ, ó mu omi inú ìgò tó gbé wá láti ilé. Nígbà tí a ń padà lọ nínú mọ́tò wọn, mo wà ní iwájú, lórí àga tí wọ́n ní ti ìyàwó mi ni, bẹ́líìtì fún mi díẹ̀ ní ikùn. A kọjá ilé epo, a kọjá ilé tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, a dúró níbi iná pupa. Ibi iná pupa yẹn ni nǹkan kan ti sọ sí mi lọ́kàn. N kò ní pè é ní ìmísí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn rántí ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá rẹ̀ mú mi yí àgbàlá ká, ó ń fi sàréè ilé wọn hàn mí kí n lè mọ irú ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àna. Ọ̀kan wà lábẹ́ igi ọsàn, ó mọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní ti bàbá òun ni, oníṣòwò aṣọ, tó kú sí Kùmáásì nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Gold Coast. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sin ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n gbé e wálé. Ẹbí gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sin irun àti èékánná náà, wọ́n ṣe òkú rẹ̀ láìku ohun kan. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí i.

Nígbà tí a délé, n kò bọ́ kóòtù. Mo họ káàdì ìpè tuntun, mo pe Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tiwọn. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìgò ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà nínú sàréè abẹ́ igi ọsàn nínú àgbàlá yín?"

"Bàbá bàbá mi ni. Ṣé ìyẹn lẹ tìtorí rẹ̀ pè? Ẹ sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfúrufú ń bọ̀ fún mi."

"Ṣé gbogbo ara wọn ló wà níbẹ̀?"

Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Àna mi, ta ló kọ́ yín ní ìbéèrè yìí?"

"Bàbá yín ló fi í hàn mí, sà. Ọjọ́ tí mo wá tọrọ àbúrò yín."

"Kò sí ọkọ̀ òfúrufú nígbà náà! Ohun tí apá wọn ká ni wọ́n ṣe!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ òfúrufú wà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ọmọ tí àbúrò yín wá wẹ ọmọ fún kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó rí ìyá rẹ̀ sin. Èmi fúnra mi á gbé ohun tó tọ́ sí yín wá. N kò ní fi rán ẹnikẹ́ni."

"Kí ni kí n wá sọ fún ẹbí?"

"Ẹ ní ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá bàbá yín náà la ṣe fún un."

Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àna mi, ẹ burú. Ẹ kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá wá sọ ọ́, ẹ ó ti lọ hú u nínú àgbàlá ẹni." Ó wúkọ́. "Kí wọ́n gé ti ẹsẹ̀ mọ́ ọn o. Ti ọwọ́ nìkan kò tó. Ẹ má sì jẹ́ kí òyìnbó gé e."

"Mo gbọ́, sà."

"Ẹ gbọ́," ó wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ọmọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti sin ojú sí orúnkún. Mo lọ gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ kí wàrà má dà.

Lọ́jọ́ Ajé, a lọ síbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ọkùnrin tó gbà wá, onísùúrù ni, ó béèrè bóyá ẹ̀sìn wa ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ní rárá, ilé bàbá ìyá òun ni. Ó gé irun àti èékánná náà fúnra rẹ̀, ó mú àlùmọ́gàjí kékeré àti ohun ìgékánná tó fi ń gé ti ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń bá àwọn arúgbó ibi iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́, ó ku ti ẹsẹ̀." Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Èmi ni mo tẹ́ aṣọ funfun tí mo sì ń gbà á. Èékánná ìyàwó mi ṣì ní làálì díẹ̀ létí. Mo rí i. Mo dì í.

A sin ín ní Maryland ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, ìyá Táílàǹdì wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, wọ́n dúró lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ wọn pa pọ̀. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ da erùpẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìdì aṣọ funfun sí àpò àyà, mo wọkọ̀ òfúrufú, n kò bọ́ kóòtù náà títí mo fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ṣe é tán. Wọ́n sunkún níbẹ̀ dáadáa. Èmi dì mọ́ ẹni tó bá dì mọ́ mi.

Nígbà tó parí, báyìí ni ogún ṣe lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ìdì aṣọ funfun, ó sì kọ́ nǹkan lé e lórí tó ga ju ti bàbá wọn lọ, àwọn èèyàn sì ń sọ̀rọ̀ sí i. Àbíkẹ́yìn wa jogún ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ sùn sí lọ́hùn-ún. Ó máa ń dúró níbẹ̀ tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kó ro ẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún un. Àkọ́bí wa obìnrin gba ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ wa ọkùnrin gba Bíbélì. Ìyá Táílàǹdì gba ìró àdìrẹ kan, ó sì fi bo tẹlifíṣọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò béèrè kóòtù òtútù rẹ̀, ọkọ ọmọ mi ló ń wọ̀ ọ́ tó bá fẹ́ lọ da ilẹ̀ nù.

Èmi jogún ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ló máa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wa ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí a ti gbé ara wa, torí ó ní òun ò fẹ́ kí òun jábọ́. Ibẹ̀ ni mò ń sùn báyìí.